Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Owó Ìtọ́jú àti Inṣọ́ránsì Ìlera Dín Owó Orí Yín Kù ní Amẹ́ríkà

Láti ìparí oṣù kìíní tí ìwé W-2, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń sọ iye owó oṣù yín fún ọdún, bá ti ń dé sílé títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ará wa ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta: "Owó tí mo ná sí ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá kò kéré o. Kí ni mo máa rí gbà lórí ẹ̀?" Ẹlòmíì á ti di rìsíìtì jọ sínú báàgì. Ẹlòmíì á ní ọ̀rẹ́ òun sọ pé ẹnì kan wà tó mọ bí rífọ́ńdì ṣe ń pọ̀, onítọ̀hún kì í tiẹ̀ béèrè rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí òógùn ojú ni àwọn èèyàn wa fi ń rí owó yìí. Òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ gbà kí ẹ yọ owó ìlera kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún un. Èkíní wà nínú owó oṣù yín, wọ́n ń yọ ọ́ kí owó orí tó kàn án. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Schedule A, fọ́ọ̀mù tí ẹ ń to ìnáwó yín sí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí gbogbo èèyàn mọ orúkọ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló ṣòro jù láti jàǹfààní rẹ̀. Ohun tí mo ń rí lọ́dọọdún ni pé ìdílé á máa sáré kiri lórí Schedule A nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà kìíní tàbí ìkejì ni owó wọn wà. Nítorí náà, ẹ má tíì ka rìsíìtì kankan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó jẹ́ tiyín.

Iye tí mo kọ síbí jẹ́ ti ọdún 2025, èyí tí a ń kọ ìwé rẹ̀ ní 2026, àfi ibi tí mo bá ti dárúkọ ọdún mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yẹ W-2 yín wò dáadáa

Ẹ gbé W-2 síwájú, kí ẹ sì gbé ìwé owó oṣù tí ẹ gbà kẹ́yìn ní oṣù kejìlá tì í. Lórí ìwé owó oṣù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ medical, dental àti vision sí. Bí ẹ bá rí pre-tax lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ yín ti yọ owó náà kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Iye tó wà ní Box 1 lórí W-2 kò ní in nínú mọ́. Ẹ ti jẹ àǹfààní yẹn tán, ẹ kò sì lè jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí Schedule A.

Box 12 ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹ máa rí lẹ́tà DD níbẹ̀, kí iye ńlá kan wà níwájú rẹ̀, bíi $14,300. Wọ́n á rò pé owó tí àwọn san ni, wọ́n á gbé e lọ sí Schedule A bó ṣe wà. Àpapọ̀ ohun tí ilé iṣẹ́ san àti ohun tí ẹ̀yin san ni DD. Ìjọba kàn ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ lè mọ iye tí inṣọ́ránsì yín ń ná wọn ni. Wọn kì í gba owó orí lé e, ẹ kò sì lè yọ ohunkóhun lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ lẹ́tà W lẹ rí, owó HSA (àpamọ́ owó ìlera tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀) tó gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ kọjá nìyẹn, Fọ́ọ̀mù 8889 ló ń lọ.

Bó bá jẹ́ pé after-tax ni wọ́n kọ sórí ìwé owó oṣù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Owó tí wọ́n ti gba owó orí lé lẹ fi san inṣọ́ránsì yẹn, ẹ lè kà á mọ́ owó ìlera lórí Schedule A. Bákan náà ni owó COBRA, ìyẹn inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ àtijọ́ tí ẹ ń san fúnra yín lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà kìíní yìí, torí kò sí èyí tó dùn tó o. Owó pre-tax bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, ó sì tún bọ́ lọ́wọ́ ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà fún Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà). Kò sí rìsíìtì tí ẹ máa kó jọ, kò sì sí ẹnubodè kankan láti kọjá. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá ṣí ìwé fún yíyan inṣọ́ránsì ọdún tó ń bọ̀, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ni kí ẹ ti béèrè nípa àpamọ́ owó méjì kan.

FSA ni àkọ́kọ́, àpamọ́ owó ìlera tí ilé iṣẹ́ ń bá yín ṣí. Ẹ lè ní kí wọ́n máa yọ owó sínú rẹ̀ títí dé $3,300 lọ́dún 2025, ó di $3,400 ní 2026. Gbogbo iye tí ẹ yàn lẹ lè ná láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún náà, kódà kí wọ́n má tíì yọ ọ́ tán lára owó oṣù yín. Ìṣòro rẹ̀ ni pé èyí tí ẹ kò bá ná lè bá omi lọ nígbà tí ọdún bá parí, àfi ìwọ̀nba tí ilé iṣẹ́ bá gbà kí ẹ gbé kọjá sí ọdún tuntun. Ẹ má fi owó tó ju ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa ná lọ síbẹ̀.

HSA ni ìkejì, òun ni mo fẹ́ràn jù. Tiyín ni owó inú rẹ̀, kì í bà jẹ́, bí ẹ bá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ẹ ó gbé e lọ. Ẹni tí inṣọ́ránsì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ san owó púpọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn nìkan ló lè ṣí i. Fún 2025, ẹnì kan lè fi $4,300 síbẹ̀, ìdílé lè fi $8,550, ẹni tó bá sì ti pé ọdún 55 lè fi $1,000 kún un. Láti 2026, gbogbo inṣọ́ránsì ìpele Bronze tí wọ́n ń tà lórí Marketplace, ọjà inṣọ́ránsì ti ìjọba, ti wọ inú èyí tó lè ṣí HSA. Ẹ tún ní àyè títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin láti fi owó ọdún tó kọjá síbẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ lórí ìwé owó orí yín, ẹ̀ báà má kọ Schedule A. Ẹni tó bá ti wọ Medicare kò lè fi owó tuntun sí HSA mọ́. Ẹni tí kò tíì pé 65 tó bá sì yọ ọ́ láti fi ṣe ayẹyẹ, owó orí á kàn án, ìtanràn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún á tún gun orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ara yín lẹ ń ṣe

Ẹ̀yin tó ń wa Uber, ẹ̀yin tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀yin tó ń dirun, tó ń se oúnjẹ òde, tó ń gba 1099 dípò W-2, ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Bí ẹ bá jèrè lórí Schedule C, fọ́ọ̀mù èrè iṣẹ́ ara ẹni, ẹ lè yọ gbogbo owó inṣọ́ránsì ìlera, ti eyín àti ti ojú, fún ara yín, ìyàwó tàbí ọkọ yín, àti àwọn ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún 27 nígbà tí ọdún parí. Wọn kò ní béèrè ẹnubodè ìdá 7.5 tí mo máa ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹ kò nílò Schedule A rárá. Fọ́ọ̀mù 7206 lẹ máa fi ṣírò rẹ̀, ìlà 17 lórí Schedule 1 lẹ sì máa gbé e sí. Àgbàlagbà tó ṣì ń ṣòwò tirẹ̀, owó Medicare tí wọ́n ń yọ lára owó Social Security rẹ̀ lóṣooṣù náà wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọkùnrin kan tí kò níyàwó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀, ó jèrè $60,000 lẹ́yìn epo àti àtúnṣe. Ó ń san $450 lóṣù fún inṣọ́ránsì, kò sì gba ìrànwọ́ ìjọba lórí rẹ̀. $5,400 lọ́dún nìyẹn. Bó bá kọ ọ́ sí ìlà 17, owó tó lé ní $500 á kúrò nínú owó orí rẹ̀. Bó bá gbàgbé, tàbí tó lọ kọ ọ́ sí Schedule A níbi tí kò ti lè kọjá ẹnubodè, owó yẹn lọ nìyẹn.

Ohun méjì ló wà tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Èkíní: èrè iṣẹ́ náà ni òdiwọ̀n, ẹ kò lè yọ ju iye tí ẹ jèrè lọ. Èkejì ló ń mú ọ̀pọ̀ tọkọtaya wa. Ọkọ ń wa ọkọ̀, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá, ilé ìwòsàn náà sì ń dá sí inṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀. Oṣù èyíkéyìí tí ọkọ bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ìyàwó, ọ̀nà kejì ti dì mọ́ ọn nínú oṣù yẹn, kódà bó bá kọ̀ tó lọ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀tọ́ láti wọ̀ ọ́ ni òfin ń wò. Bí ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje, oṣù tó ṣáájú ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà dé nìkan ni ọkọ lè kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á lórí Marketplace, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Obamacare, ẹ má fi ìwé owó orí ránṣẹ́ kí 1095-A, ìwé tí Marketplace ń fi ránṣẹ́ sí yín, tó dé. Ẹ wo òpó A, iye tí inṣọ́ránsì jẹ́ nìyẹn, ẹ sì wo òpó C, iye tí ìjọba ti bá yín san. Ohun tó jáde lápò yín nìkan lẹ lè yọ. Bí owó tó wọlé fún yín bá ju èyí tí ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ ń forúkọ sílẹ̀, Fọ́ọ̀mù 8962 á ní kí ẹ dá lára ìrànwọ́ náà padà, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọdún 2026 kò sí òdiwọ̀n mọ́ lórí iye tí wọ́n lè ní kí ẹ dá padà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa láàárín ọdún, ẹ tètè wọ àkáǹtì yín lórí Marketplace kí ẹ yí iye náà padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ̀ bóyá Schedule A tiẹ̀ yẹ yín

Ìjọba fún gbogbo èèyàn ní iye kan tí wọ́n á yọ láìbéèrè rìsíìtì, standard deduction ni wọ́n ń pè é. $15,750 ni fún ẹni tó dá wà, $23,625 fún òbí tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé, $31,500 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé pọ̀. Ẹni tó ti pé 65 ní àlékún. Ìyẹn tàbí Schedule A ni kí ẹ mú, ẹ kò lè mú méjèèjì. Bí àpapọ̀ ohun tó wà lórí Schedule A kò bá ju standard deduction yín lọ, kò sí àǹfààní kankan nínú rẹ̀, bó ti wù kí rìsíìtì ilé ìwòsàn pọ̀ tó.

Ẹnubodè kan tún wà níwájú. Owó ìlera tó bá kọjá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún AGI yín nìkan ni wọ́n ń kà. AGI ni owó tó wọlé fún yín lọ́dún lẹ́yìn tí ẹ ti yọ àwọn nǹkan bíi HSA àti inṣọ́ránsì ìlà 17, ìlà 11a lórí Fọ́ọ̀mù 1040 lẹ ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan ní Maryland tí AGI wọn jẹ́ $90,000. Ìdá 7.5 rẹ̀ jẹ́ $6,750. Wọ́n ná $14,000 lápò ara wọn lórí iṣẹ́ abẹ, eyín àti oògùn. $7,250 ló kọjá ẹnubodè. Wọ́n ní ilé tí wọ́n yá owó báǹkì rà, èlé tí wọ́n san lórí rẹ̀ jẹ́ $16,000. Owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ilé jẹ́ $11,000. Ìdámẹ́wàá àti ọrẹ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà jẹ́ $5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $39,250, ó fi $7,750 ju $31,500 lọ. Ní ìpele ìdá 12 tí wọ́n wà, $930 ni wọ́n jèrè.

Ká wá ní ilé àyágbé ni tọkọtaya yìí kan náà ń gbé, kò sí èlé báǹkì, owó orí ìpínlẹ̀ jẹ́ $6,000, ọrẹ jẹ́ $3,000. Pẹ̀lú $7,250 yẹn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ $16,250. Kò tilẹ̀ sún mọ́ $31,500. Kí wọ́n mú standard deduction, kí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wà ní ipò kejì yìí, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú kí ẹ tó fi ọjọ́ ìsinmi yín to ìwé.

Ẹni tó bá sún mọ́ ọn díẹ̀ lè kó ìnáwó sínú ọdún kan. Bí iṣẹ́ abẹ bá ti bọ́ sí oṣù kẹta, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ nílò eyín àtọwọ́dá àti awò ojú tuntun, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ kí oṣù kejìlá tó parí. Ọjọ́ tí ẹ sanwó ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí dókítà rí yín. Bó bá jẹ́ káàdì gbèsè lẹ fi san án, ọjọ́ tí ẹ lo káàdì ni wọ́n á kà, kódà kí ẹ ṣì máa san gbèsè náà di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè sanwó ìtọ́jú ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì kà á mọ́ ti ọdún yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Owó ìtọ́jú ta ni ẹ lè kà?

Tiyín, ti ìyàwó tàbí ọkọ yín, ti àwọn ọmọ tó wà lọ́rùn yín. Bí tọkọtaya bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, bàbá àti ìyá lè ka èyí tí kálukú wọn san fún ọmọ, ẹni yòówù kí ọmọ wà lórí ìwé rẹ̀.

Ti àwọn òbí ló gba àlàyé. Kò sí oṣù tí ọ̀pọ̀ wa kì í fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ránṣẹ́ sílé. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú ìyá tó ń gbé ní Ìbàdàn, tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní gríìn káàdì, kò sí níbikíbi lórí ìwé owó orí yìí. Òfin ní ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tí owó orí kà sí olùgbé ibẹ̀, tàbí kó máa gbé ní Canada tàbí Mexico. Iye owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ kò yí i padà. HSA yín náà kò lè san án.

Bí Màmá bá ní gríìn káàdì tàbí tó ti di ọmọ ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ju ìdajì bùkátà rẹ̀ lọ, ẹ lè ka owó tí ẹ san fún ilé ìwòsàn àti oògùn rẹ̀. Kò pọn dandan kó máa bá yín gbé. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bó bá ní owó tirẹ̀ tó pọ̀ jù fún yín láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó wà lọ́rùn yín, ìyẹn $5,200 sókè ní 2025, ẹ ṣì lè ka owó ìtọ́jú rẹ̀. Ìdajì bùkátà yẹn ni kí ẹ rí i pé ó pé. Kí ẹ sì san owó náà tààrà fún ilé ìwòsàn tàbí ilé oògùn. Owó tí ẹ bá kó lé Màmá lọ́wọ́ kó lọ san fúnra rẹ̀ ṣòro láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ san án.

Màmá tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò láti bá yín wẹ ọmọ ńkọ́? Ọjọ́ ni wọ́n ń kà. Ó gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán ọjọ́ 31 lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo ọjọ́ ọdún yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ọdún tó kọjá, àti ìdá kan nínú mẹ́fà ọjọ́ ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pé 183. Bó bá lo ọjọ́ 120 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, 120 pẹ̀lú 40 pẹ̀lú 20 jẹ́ 180. Kò tíì wọlé. Bó bá sì wọlé, owó orí Amẹ́ríkà ti mọ òun náà nìyẹn, títí kan owó tó ń wọlé fún un nílé. Ẹ má ṣe èyí láìbá ẹni tó mọ òfin rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ ìyá tó ń dáwó jọ tọ́jú òbí kan ní Amẹ́ríkà, tí kò sí ẹni tó dá ìdajì gbé nínú wọn, Fọ́ọ̀mù 2120 ló wà fún wọn. Bí ohun tí gbogbo yín jọ ń gbé bá ju ìdajì lọ, ẹnì kan tó ń gbé ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn yòókù tó ń gbé ju ìdá mẹ́wàá lọ buwọ́ lùwé fún un. Ẹ lè máa gbà á ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tí ọdún bá kàn ni kó máa fi owó tirẹ̀ san ilé ìwòsàn lọ́dún yẹn, kí àwọn yòókù gbé owó ilé àti oúnjẹ. Èyí tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá dá padà fún un kò ní wọ ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tó wọ̀ ọ́ àti ohun tí kò wọ̀ ọ́

Dókítà, ilé ìwòsàn, àyẹ̀wò, ìbímọ, ìtọ́jú àìríbí, eyín, awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, kẹ̀kẹ́ aláìlera, oògùn tí dókítà kọ, insulin, ẹ̀rọ ìfún ọmú, ìtọ́jú ọpọlọ, gbogbo wọn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí ọ̀pá ìdìmú sílé ìwẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Màmá, ẹ lè ka owó rẹ̀, torí irú rẹ̀ kì í sábà mú iye ilé lọ sókè.

Ìrìnàjò lọ gba ìtọ́jú náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń gbàgbé rẹ̀. Sẹ́ǹtì 21 ni fún máìlì kọ̀ọ̀kan ní 2025, ẹ ó sì fi owó páàkì àti owó odi ojú ọ̀nà kún un. Ìdílé tó ní ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tó ń wakọ̀ máìlì 30 lọ, máìlì 30 bọ̀, nígbà 40 lọ́dún, máìlì 2,400 ni wọ́n rìn. $504 nìyẹn, láìtíì ka páàkì. Bí wọ́n bá ní láti sùn nítòsí ilé ìwòsàn ní ìlú mìíràn, wọ́n lè ka $50 lálẹ́ fún ọmọ, àti $50 fún òbí tó bá a lọ. Oúnjẹ tí wọ́n rà jẹ kò sí níbẹ̀.

Àgbo, fítámì, oògùn orí fífọ́ tí ẹ rà láìní ìwé dókítà, jíìmù, iṣẹ́ abẹ torí ẹwà, eyín fífọ̀ kó funfun, owó ìsìnkú: IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, kò kà wọ́n. Oògùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti Nàìjíríà náà kò wọ̀ ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé FSA àti HSA gbòòrò ju Schedule A lọ níbí. Láti 2020, owó inú wọn lè ra oògùn tí kò ní ìwé dókítà àti ohun èlò nǹkan oṣù àwọn obìnrin.

Ìtọ́jú tí ẹ gbà nílé ńkọ́? Bí ẹ̀yin fúnra yín bá rí dókítà eyín ní Èkó, owó tí ẹ san fún un wọ̀ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ìtọ́jú náà bá òfin mu. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì, kí ẹ sì yí náírà sí dọ́là ní iye ọjọ́ tí ẹ sanwó. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó àbúrò yín lẹ bá lọ, tí ẹ wá yọjú sí dókítà, tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì kàn yàn láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún nítorí ìfẹ́ ara yín, tíkẹ́ẹ̀tì kò wọ̀ ọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ to ìwé yín

Ní oṣù kìíní, ẹ lọ bá ilé oògùn tí ẹ ń lò, ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo ohun tí ẹ rà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá jáde fún yín. Wọn kì í gba owó fún un, ó sì ń gbani lọ́wọ́ wíwá rìsíìtì kéékèèké tí ọ̀rọ̀ orí wọn ti parẹ́. Ẹ béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà eyín àti ilé ìwòsàn.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń fi ránṣẹ́, tí wọ́n kọ EOB sí lórí, kì í ṣe rìsíìtì. Àlàyé ohun tí wọ́n san àti ohun tó kù fún yín láti san ni. Ẹ fi wé owó tó jáde ní báǹkì yín. Èyí tí inṣọ́ránsì, FSA tàbí HSA bá ti san, ẹ fi kálámù fà á nù. Fún máìlì, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ, ìdí tí ẹ fi lọ àti iye máìlì. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ kò ní fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé owó orí, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà IRS bá dé, àwọn ni wọ́n máa béèrè.

Ìgbésẹ̀ keje: Kíkọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù

Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí Schedule A ló jẹ́ ti ìlera. Ìlà 1, gbogbo owó ìlera tí ẹ san. Ìlà 2, AGI. Ìlà 3, ẹ sọ ìlà 2 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.075. Ìlà 4, ẹ yọ ìlà 3 kúrò nínú ìlà 1. Bó bá kéré sí òdo, ẹ kọ òdo.

Ẹ má gbàgbé ìpínlẹ̀ yín. Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, kò sí ohun tí ẹ máa kọ. New Jersey ní tirẹ̀ ń ka owó ìlera tó bá kọjá ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún yín, ẹ̀ báà tilẹ̀ mú standard deduction lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin ará Newark àti Irvington, ẹ má ju rìsíìtì yín nù torí pé ti ìjọba àpapọ̀ kò pé.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń gbowó ṣe é, ó gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, kó sì kọ PTIN rẹ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà tí IRS fún àwọn tó ń gbowó ṣe ìwé owó orí. Ẹni tó bá ní kí ẹ kàn buwọ́ lù ú bíi pé ẹ̀yin lẹ ṣe é fúnra yín, tàbí tó ní kí ẹ dá òun lówó gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú rífọ́ńdì, ẹ gba ìwé yín padà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ yín ló wà lórí ìwé náà, ẹ̀yin sì ni IRS máa bi. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn VITA, ètò ìrànwọ́ ọ̀fẹ́ lórí ìwé owó orí, wọ́n sábà máa ń jókòó sí ilé ìkàwé àti gbọ̀ngàn àdúgbò, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá rí i nísinsìnyí pé ẹ ti ń san inṣọ́ránsì láti ọdún wọ̀nyí wá nídìí iṣẹ́ ara yín, tí kò sì sí ohunkóhun ní ìlà 17, ẹ lè tún ìwé àtijọ́ kọ pẹ̀lú Fọ́ọ̀mù 1040-X. Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, tàbí ọdún méjì láti ọjọ́ tí ẹ san owó orí náà, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì, ni àyè tí ẹ ní. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti pẹ́ jù, torí òun ni àsìkò rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán.